₦180,000 lóṣù ní Adó-Èkìtì: ṣé kí n torí ẹ̀ fi Èkó sílẹ̀?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Adó. Ìbéèrè owó ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkó ni mo wà. Ọ̀rẹ́gùn ni ibi iṣẹ́ mi, mò ń tọ́jú ìwé owó fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé. ₦250,000 ló ń wọ àkáǹtì mi lóṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ yọ. Ìkòròdú là ń gbé, yàrá àti pálọ̀, ₦450,000 lọ́dún, onílé sì ti ń pòṣé àfikún. Káfíńtà ni ọkọ mi, owó tirẹ̀ kò dúró sójú kan: oṣù kan á gba iṣẹ́ àga odidi ilé, oṣù kejì á máa yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ kan la bí, ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin.

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Adó ti wá fún mi ní lẹ́tà báyìí, wọ́n fẹ́ kí n wá ṣe bọ́ọ̀sà, ẹni tó ń mójú tó owó ilé-ìwé. ₦180,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun ni o. Màmá mi wà ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé mo ti ń bọ̀. Ọkọ mi ní ibi gbogbo ni wọ́n ti ń jókòó lórí àga. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí ló ń bi mí pé ṣé orí mi pé, ta ló ń fi 250 sílẹ̀ lọ gba 180?

Owó ọkọ̀ mi, ₦3,000 lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Mo ń jáde kí wọ́n tó pe ìrun, ọmọ á ti sùn kí n tó wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: eélòó ló ń wọlé fún èèyàn ní Adó tí ẹ fi lè ní owó rẹ̀ dáa? Mi ò ní kí ó jẹ́ olówó o. Kó máa jẹun, kó máa san owó ilé, kó máa rí nǹkan díẹ̀ fi pamọ́. Ẹ fi iye sọ ọ́ fún mi. Ẹ má kàn ní "Èkìtì ò wọ́n", ó ti sú mi.

Ìyá Olùkọ́, Baṣírì

Àbúrò mi, èmi náà gbé Agége rí kí ọkọ mi tó gba ìṣípòpadà wá sílé. Olùkọ́ ilé-ìwé gírámà ìjọba ni mí, ọmọ mẹ́ta, Baṣírì ni à ń gbé. Ohun tí ń jáde lápò tèmi ni màá sọ.

Ká kọ́kọ́ mú ti ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. ₦3,000 lójúmọ́, tí o bá lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22, ₦66,000 nìyẹn. Owó rẹ ti di ₦184,000 kí o tó ra omi mu. Níbí, ọ̀kadà láti Baṣírì dé àárín ìlú, ₦300 ni mò ń san, tí òjò bá ṣú wọ́n á ní ₦400. Ká pè é ní ₦14,000 lóṣù. Tí ẹ bá rí ilé tó sún mọ́ ilé-ìwé náà, ẹsẹ̀ rẹ ni ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ń pariwo 250 kò tíì yọ ìyẹn. Èmi ò sì tíì ka ti ọmọ tó ń sùn kí ìyá rẹ̀ tó wọlé, mi ò mọ iye tí a lè kọ síwájú ìyẹn.

Owó ilé: ₦300,000 lè gba yàrá àti pálọ̀ tó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, tàbí ní apá Òkè-Ìlá, bí ẹ ò bá torí táìsì àti sílíǹgì dídán gbé owó lé e. Ẹ má wá ilé sí ọ̀nà Ìwọ̀rọ̀kò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, onílé mọ̀ pé òbí ló ń sanwó, kò sì ní bá ẹ dúnàádúrà. Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé náà ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ sí Ọ̀yẹ́ lọ́dún 2011. Ọdún àkọ́kọ́ ni yóò ta yín lára: ájẹ́ǹtì á gba kọmíṣọ̀n, lọ́yà á gba ti àgírímẹ́ǹtì. Ẹ fi ₦100,000 sí ẹ̀gbẹ́ owó ilé, kó má bá a yín lójijì.

Oúnjẹ ni ẹ̀yin ará Èkó máa ń ṣi rò. Ẹ rò pé torí a ń gún iyán, ọ̀fẹ́ ni iṣu. Iṣu rọjú láti oṣù kẹjọ títí di ìgbà tí ọdún bá fẹ́ parí. Tó bá wá di oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, ẹyọ kan tó tó gún fún ilé mi á máa lọ sí ₦4,000 ní Ọjà Bísí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó jẹ ẹ́. Ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ wà, ó dùn, èmi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ní ìrẹsì Èkó làwọn máa jẹ, iye tí ẹ sì ń ra ìyẹn lọ́dọ̀ yín la ń rà á. Òkè Ọya ni ẹ̀wà àti tòmátì ti ń bọ̀. Ẹja yìnyín, Èkó ló ti ń gòkè wá, owó ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kó tó dé abọ́ wa. Ibi tí ẹ ti máa rí ìyàtọ̀ ni gàrí, epo pupa, ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èèyàn márùn-ún ni wá, ₦110,000 ni oúnjẹ ń gbà lóṣù. Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ fi sí ₦75,000. N ò rò pé ó fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń ná ní Ìkòròdú.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìṣirò.

Ní Èkó, o jìnnà. Wọ́n pè ọ́ pé bàbá kan ti papòdà ní Ìkẹ́rẹ́, o fi ₦5,000 ránṣẹ́, o ní ọ̀gá ò fún ọ láyè, ó parí. Láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́ kò tó wákàtí kan. Kí lo fẹ́ wí? Òkú yóò wà ní Sátidé yìí, ìgbéyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀, aṣọ ẹbí á sì ti dé ilé rẹ kí o tó gbọ́ pé àwọn méjèèjì fẹ́ra. Àbúrò ìyá rẹ á yà ọ́ kí lọ́jọ́ Àìkú. Wọn ò ní wá lọ́wọ́ òfo, wọ́n á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, wọ́n á bu ẹ̀fọ́ wá. Wọn ò sì ní fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ wọn fẹ́ ṣe WAEC. Òrùlé ń jò. Ìwọ tiwọn tún wá jẹ́ bọ́ọ̀sà! Ta lo fẹ́ sọ fún pé owó ilé-ìwé kọ́ ni owó rẹ? Wọ́n á ní ọmọ wa ló ń kó owó, ìwọ á sì máa ka ₦180,000 tí wọ́n ti yọ ìdajì nǹkan kúrò nínú rẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi ya ₦25,000 sọ́tọ̀ lóṣù fún gbogbo èyí, bí a ṣe ń ya owó ilé sọ́tọ̀. Tó bá tán lọ́jọ́ kẹwàá, ó tán nìyẹn. Wọ́n bínú nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ di ìgbà ìkórè. Ní báyìí wọ́n máa ń béèrè pé, "Ṣé àpò yẹn ṣì ní nǹkan nínú?" Mi ò sọ pé wọ́n ń jẹ wá gbé o. Ìyá ọkọ mi ló ń kó àwọn ọmọ lọ́dọ̀ tí wọ́n bá gba ìsinmi, gàrí ọdún kan kò wọ́n wa látọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ tí kò fi í sínú ìṣirò, oṣù kẹta ni yóò máa ní Adó ti wọ́n.

Iye tí o béèrè: lójú tèmi, ọkọ, aya àti ọmọ kan ní Adó, tí gbogbo ohun tó ń wọlé lọ́wọ́ yín méjèèjì kò bá tó ₦150,000, ẹ ń là á já ni. Tó bá ti ń lọ sí ₦250,000 sókè, tí ẹ ò sì gbé mọ́tò, owó yín dáa, ẹ ó rí àjọ dá. Àárín méjèèjì, ọwọ́ yín ló kù sí. Owó oṣù tó kéré jù lọ lófin jẹ́ ₦70,000 láti 2024, ₦30,000 ni láti 2019. Lórí ìwé ó ju ìlọ́po méjì lọ, ọjà sì ti sáré kọjá rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kan wà ní ìlú yìí tí wọn ò tíì rí ₦70,000 yẹn gbà. Bí ilé-ìwé aládàáni bá kọ 180 fún ọ, wọ́n fẹ́ ọ ni. Mọ ìyẹn kí o tó dá wọn lóhùn.

Akáǹtáǹtì Fájuyì

Mo kí Ìyá Olùkọ́. Ṣùgbọ́n 180 kọ́ ni yóò dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é dáadáa.

Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú 100. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì rẹ, ìdá 8, àti ìdá 20 nínú owó ilé tí o san.

180 lọ́nà 12, ₦2,160,000. Owó ìfẹ̀yìntì, bí wọ́n bá gbé e ka orí gbogbo rẹ̀, ₦172,800. Ti owó ilé ₦300,000, ₦60,000. Ó ku ₦1,927,200. Yọ ₦800,000, ó ku ₦1,127,200. Owó orí rẹ lọ́dún ₦169,080, ₦14,090 lóṣù. Owó ìfẹ̀yìntì lóṣù ₦14,400. Ohun tí yóò wọ àkáǹtì rẹ: ₦151,510.

Wá wò ó. Èkó: 250, yọ ọkọ̀ 66, yọ owó ilé tí a pín sí oṣù 12 (₦37,500), ó ku ₦146,500. Adó: ₦151,510, yọ ọkọ̀ 14, yọ owó ilé ₦25,000, ó ku ₦112,510. Èkó ṣì fi nǹkan bíi ₦34,000 ju Adó lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́ tán. Ìyá Olùkọ́ náà kò purọ́. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ohun mìíràn wà ní Èkó tó ń gba ₦34,000 lọ́wọ́ rẹ tí kò ní sí ní Adó.

Kí n tó gbàgbé: bí wọ́n bá sọ fún ọ pé àwọn kì í yọ owó ìfẹ̀yìntì, má yọ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń fi ìdá 10 sí i, ₦18,000 lóṣù nìyẹn tí o fẹ́ pàdánù. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá ti pé 15, òfin ti mú wọn.

Kóòdù Òkè-Ìlá

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, kò sẹ́ni tó dárúkọ iná nínú yín. Ilé ni mo jókòó sí tí mò ń kọ kóòdù fún àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá gba ₦600,000 ní Adó kò tíì gba owó. Sóólà, dátà, epo jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí sóólà ṣiṣẹ́, ìyẹn nìkan ń gbà ju owó ilé mi lọ.

Àǹtí, kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ béèrè báńdì iná tí àdúgbò yẹn wà, ìyẹn ìpele tí wọ́n fi ń pín wákàtí iná. Báńdì A yẹ kó ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Báńdì A ni wọ́n gbé owó rẹ̀ lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, ó wá wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́, ọ̀rọ̀ ájẹ́ǹtì ńkọ́, ẹ má tilẹ̀ tẹ́tí sí i. Ẹ bi ẹni tó ń ta ohun mímu tútù ní àdúgbò. Òun ló mọ̀.

Ìyá Olùkọ́, Baṣírì

Àbúrò Kóòdù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba dọ́là lẹ̀ ń gbé owó ilé wa lọ sókè, ẹ wá tún ń ní a ò gba owó. Ìmọ̀ràn pé kí wọ́n bi ẹni tó ń ta ohun mímu tútù yẹn dáa ṣá. Fún fíríìjì kékeré kan, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, àwa kì í ra iná kọjá ₦12,000 lóṣù, báńdì tiwa kò sì sí lókè. Akáǹtáǹtì, o ṣeun, ìwọ lo jẹ́ kí n mọ̀ pé àlàfo ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oko ló kù tí mò ń ṣe. Ẹ dẹ́kun àti máa dá iṣu lẹ́bi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọlọ́kọ̀ tó ń gbé iṣu láti ọ̀dọ̀ wa wá sí Adó ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú owó yẹn.

Tí ẹ bá dé, kí ẹ̀yin bíi mẹ́ta, mẹ́rin da owó pọ̀ ní oṣù kọkànlá, kí ẹ gba ọkọ̀ kan, kí ẹ wá ra iṣu tó ti gbó lóko. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni kí ẹ tò ó sí, kí oòrùn má pa á, kí ó má fara kan simẹ́ǹtì. Tó bá ń hù, ẹ máa ṣẹ́ ọ̀mùnú rẹ̀ dànù. Yóò bá yín dé ìgbà tí wọ́n ń tà á ní ₦4,000 yẹn.

Tí ìyá rẹ bá ní ilẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oko dá ọ lọ́kàn le. Ẹni tó kọ igba ebè yóò gbowó, ẹni tó ro ó yóò gbowó, kò sì ní ro ó lẹ́ẹ̀kan. Owó èbù wà níbẹ̀, ti ọ̀pá wà níbẹ̀. Oko olówó oṣù, tó jẹ́ Sátidé nìkan ló ń lọ, olè máa ń bá a wa lára rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ẹ ṣeun, Bàbá. Kóòdù, ẹ kú ọ̀rọ̀ dọ́là.

Akáǹtáǹtì, ẹ ní bóyá ohun kan wà ní Èkó tó ń gba owó lọ́wọ́ mi. Ó wà. Owó ilé-ìwé ọmọ níbí jẹ́ ₦120,000 ní sáà kan. Nítorí n kì í tètè dé, màmá kan ní àdúgbò ló ń mú un nílé-ìwé tó ń tọ́jú rẹ̀ di alẹ́, ₦25,000 lóṣù. Ilé-ìwé Adó yìí ní ẹ̀ka jẹ́lé-ó-sinmi, ₦150,000 ni wọ́n ń gbà ní sáà kan, mo rí i nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọmọ òṣìṣẹ́. Màmá mi, ₦10,000 ni mò ń fi ránṣẹ́ sí wọn lóṣù.

Akáǹtáǹtì Fájuyì

Èyí ni mò ń wá. ₦120,000 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ₦30,000 lóṣù. Fi ₦25,000 màmá yẹn kún un, ₦55,000. Ohun tó ń ṣẹ́kù fún ọ ní Èkó gan-an ni ₦91,500.

Ní Adó, ìwọ àti ọmọ á jọ máa lọ, ẹ ó jọ máa bọ̀, ti màmá ti kúrò. Bí wọ́n bá gba owó ilé-ìwé pé lọ́wọ́ rẹ, ó ku ₦75,010: má wá. Bí wọ́n bá gba ìdajì, ₦93,760: ọgbọọgba ni, wá bí ó bá jẹ́ pé ilé ń wù ọ́. Bí wọn kò bá gba kọ́bọ̀, ₦112,510: o fi ₦21,000 ju Èkó lọ. Kí o tó ya àpò tí Ìyá Olùkọ́ sọ sọ́tọ̀ nìyẹn o. O ti ń fi ₦10,000 ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ₦15,000 ni yóò fi lé.

Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe fún wọn, ìwọ ni yóò máa kọ rìsíìtì owó ilé-ìwé. Wọn kò lè ní àwọn kò mọ iye tí àyè ọmọ kan ń ná wọn. Àga kan nínú kíláàsì tí kò kún kò ná wọn ní nǹkan gidi, sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Olùkọ́, Baṣírì

Kó máà jẹ́ lẹ́nu lásán. Mo mọ ẹni tí wọ́n ṣèlérí irú rẹ̀ fún ní ilé-ìwé kan, ọ̀gá tó ṣèlérí lọ, èyí tó dé ní òun kò rí i kà níbikíbi. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí o tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ pé bí o bá bí òmíràn, ó kan òun náà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ: kí ó kọ́kọ́ wá wo ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan, kó lọ sí ìsọ̀ pákó, kó jókòó ti àwọn káfíńtà kó gbọ́ iye tí wọ́n ń gba iṣẹ́. Ní Ìkòròdú, oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Níbí yóò tó oṣù bíi mélòó kan kí ẹnì kan tó gbé iṣẹ́ fún un. Ẹ fi sọ́kàn pé owó tìrẹ nìkan ni ẹ ó máa jẹ nígbà yẹn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Mo ti kọ̀wé sí wọn ní alẹ́ àná. Mo ní kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lórí ọmọ, bí ìdajì bá ni wọ́n lè ṣe, kí wọ́n sọ owó oṣù di ₦200,000. Ọkọ mi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ilé màmá mi ni yóò dé sí.

Akáǹtáǹtì Fájuyì

Nínú ₦20,000 yẹn, ₦15,640 ni yóò dé ọwọ́ rẹ. Di ti ọmọ mú ju tirẹ̀ lọ, ìyẹn ni iye rẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá rí ilé, orúkọ tìrẹ ni kí onílé kọ sórí rìsíìtì, kì í ṣe ti ọkọ rẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o kò ní rí ìdá 20 yẹn yọ.